Bí ẹ ó ṣe múra de àwọn olùyẹ̀wò NUC

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, yálà LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni o tàbí Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, ń fọwọ́ sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkìkí ilé ẹ̀kọ́ kì í fi máàkì kún máàkì.

Nínú máàkì 100, òṣìṣẹ́ kó 32, ilé àti ohun èlò 25, ètò ẹ̀kọ́ 23, ilé ìkàwé 12, owó 5, ẹ̀rí àwọn agbanisíṣẹ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yín 3. Bí ẹ bá gba 70 sókè, ìfọwọ́sí kíkún ni. 60 sí 69, ti ìgbà díẹ̀ ni, ọdún 2. Bí kò bá tó 60, ẹ ò ní lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

Àròpọ̀ nìkan kọ́ o. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìdá 70 nínú 100 tirẹ̀. Ẹ lè gba 80 lápapọ̀, kí ilé ìkàwé mú 8 péré nínú 12: ti ìgbà díẹ̀ náà lẹ máa gbà, torí 8.4 ló yẹ kó mú.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló ń pẹ́ jù, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. Nínú olùkọ́ 20, ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n àti rídà (ipò tó tẹ̀lé ọ̀jọ̀gbọ́n) 4, olùkọ́ àgbà 7, kí àwọn yòókù jẹ́ 9. Ní sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ 1 sí akẹ́kọ̀ọ́ 20. Ní ẹnjiníárìn, 1 sí 15. Ẹ má yá ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, bí wọn ò bá sì mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí táímùtébù, àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ ṣí fáìlì fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè ìdánwò, ìlànà ìfúnnimáàkì, ìwé ìdáhùn tí a ti máàkì, àti ìròyìn olùdánwò láti ìta, ìyẹn olùkọ́ yunifásítì mìíràn tó wá yẹ ìdánwò yín wò. Ẹ so lẹ́tà tí ẹ fi fèsì sí ìròyìn olùdánwò yẹn mọ́ ọn. Ìròyìn tí kò ní èsì ń fi hàn pé ẹ ò kà á sí.

Ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú páálí kò wúlò fún yín. Ìwé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ni ẹ̀rí pé wọ́n ń lò ó.

Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ara ẹni, èyí tí ẹ̀ka yín fi ń ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀, ránṣẹ́ sí NUC, ẹ fi iye akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ wé ti ọ́fíìsì rẹ́jísírà. Àwọn tó ń tún ọdún ṣe ló sábà máa ń da ìṣirò rú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ti ìgbà díẹ̀, ẹ to ìwé yín tẹ̀ lé àbùkù tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, pẹ̀lú rìsíìtì àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.