Ashok Méjì, Bahadur Méjì: Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Fíìmù Angoor

Kẹ́hìndé ni mí. Láti kékeré ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní Táíwò, tí wọ́n sì ń sin Táíwò ní gbèsè tí èmi jẹ. Ìdí nìyí tí fíìmù Íńdíà yìí fi wọ̀ mí lára, tí mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa.

Ọdún 1982 ni Gulzar, olùdarí fíìmù, gbé e jáde ní èdè Híńdì, látinú eré Shakespeare. Sanjeev Kumar ni Ashok méjèèjì, Deven Verma ni Bahadur méjèèjì tí wọ́n ń sìn wọ́n. Ìbejì ọ̀nà méjì ni, tí èjìrẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ orúkọ kan náà! Àwa Yorùbá ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ti yà wá sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kó wa jáde.

Ẹ má pẹ́ dé ìdí rẹ̀ o. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí ìjàm̀bá ṣe pín ìdílé náà sí méjì. Ẹni tí kò bá rí ibẹ̀, á kàn máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù ni.

Ẹ fi ojú wọn sílẹ̀, ìwà ni kí ẹ máa wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà ọrùn ló wà láàrin Ashok onílé àti Sudha ìyàwó rẹ̀. Ashok kejì, àpọ́n ni. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kó sí i lórí, owó ńlá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ fi ra oko àjàrà, èso tí wọ́n ń pè ní angoor gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, olè ni lójú rẹ̀.

Ẹ tún máa tẹ́tí. Tanu, àbúrò Sudha, “jijaji” ló ń pe Ashok, ìyẹn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ ẹ wẹ́rẹ́, onílé ni. Bó bá yanu sílẹ̀, àpọ́n ni.

Ti Bahadur le jù ú lọ. Èyí tó fẹ́ Prema ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Níbi tí bhang, ewé tó ń pani bí ọtí, ti wọ inú pakora tó dà bí àkàrà, ẹ dákẹ́ kí ẹ wo Deven Verma. Filmfare, ìwé ìròyìn fíìmù ní Íńdíà, fún un ní àmì ẹ̀yẹ aláwàdà nítorí fíìmù yìí, ó sì tọ́ sí i.

Màmá mi ò gbọ́ Híńdì, wọn ò sì ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Mo gbé ife méjì síwájú wọn: pupa fún ọkọ Sudha, funfun fún àpọ́n. Bí Ashok kan bá yọ, mo máa fọwọ́ kan ife tirẹ̀. Kí fíìmù tó dé ìdajì, wọn ò wo ọwọ́ mi mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bá wí: “Ọkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o, Sudha!”

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fojú kanra nígbẹ̀yìn, ohun kan ṣoṣo ni màmá mi bi mí: “Èwo ni Kẹ́hìndé níbẹ̀?”

A dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.