Circuit switching àti packet switching: ibi tí wọ́n ti máa ń gbé e gba ibi tí kò yẹ

Ọ̀nà méjì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà gbé ìpè àti ìsọfúnni lọ ni circuit switching àti packet switching. Bí mo bá bi àwọn tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà pé èwo ló yá jù nínú méjèèjì, wọ́n á ní packet switching ni, torí òun ni tuntun. Tuntun bí? ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń lò ó láti ọdún 1969! Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀.

Circuit switching dà bí kéèyàn háyà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Bẹ́ ẹ sùn, bẹ́ ẹ jí, tiyín ni gbogbo ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni tẹlifóònù ilé àtijọ́ rí: kí fóònù ẹnì kejì tó dún, wọ́n ti ya kílóbíìtì 64 sọ́tọ̀ fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá yín bá ní “ẹ dúró ná, mo fẹ́ wo ọbẹ̀ lórí iná,” 64 yẹn ṣófo síbẹ̀ ni, ẹlòmíì ò lè fọwọ́ kàn án. Packet switching ní tirẹ̀ jọ ẹrù tí a fi ránṣẹ́ ní gáréèjì: wọ́n á pín in sí wẹ́wẹ́ (páákẹ́ẹ̀tì nìyẹn), wọ́n á kọ àdírẹ́sì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ tó bá ń lọ ló máa gbé e. Bí ẹrù bá pọ̀, á tò sórí ìlà, bí gáréèjì bá sì kún jù, wọ́n á da òmíràn nù.

Inú ìṣirò ni àṣìṣe tó máa ń ká mi lára jù wà. Fáìlì báìtì 7,500 fẹ́ gba wáyà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé mẹ́gábíìtì kan (bíìtì mílíọ̀nù kan) ní ìṣẹ́jú àáyá. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, torí náà bíìtì 60,000 nìyẹn, mílísẹ́kọ́ǹdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) 60 lórí wáyà kan. Kíá, ọmọ á sọ 60 di ìlọ́po mẹ́ta, á kọ 180. Àfi bí rúútà, ẹ̀rọ tó ń ti ìsọfúnni láti wáyà kan bọ́ sí èkejì, bá ń dúró gba odindi fáìlì kó tó tì í síwájú! Ẹ gé e sí páákẹ́ẹ̀tì márùn-ún, báìtì 1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 12 lórí wáyà kan, èkíní dé lẹ́yìn 36, mẹ́rin yòókù ń tẹ̀ lé e ní 12, 12. Ó di 84. Circuit tí wọ́n fún ní odindi wáyà á parí ní 60, yàtọ̀ sí àkókò tí wọ́n fi la ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un, 600 ni. Èwo ló wá yá?

Ẹ má sì pe TCP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń rí i pé ìsọfúnni dé pé pérépéré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní circuit nítorí pé ó máa ń kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Àdéhùn kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ni; rúútà àárín kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún wọn.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ìpè fóònù ni circuit mọ́. Bẹ́ ẹ bá pe èèyàn, ẹ wo òkè ojú fóònù yín. Bí 4G bá di 3G títí ìpè fi parí, circuit ló padà lọ wá, torí 4G kò ní in. Bí 4G bá dúró síbẹ̀, páákẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ohùn yín lọ.