Bí mo ṣe lé òórùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kúrò nínú káráfáànù wa ní Faransé

Ẹ̀yin ará, òórùn tó wà nínú káráfáànù wa, ilé orí táyà tí mọ́tò ń fà, ti lọ o! Gbogbo ìgbà la máa ń lọ da kásẹ́ẹ̀tì tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa (àpótí tó ṣeé fà yọ tó ń gba ìgbẹ́ àti ìtọ̀) nù níbi tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn balùwẹ̀ káḿpù, a ń da kẹ́míkà sí i, síbẹ̀ ó ń rùn, àṣé rọ́bà tó yí ẹnu rẹ̀ ká ló ti gbẹ tó sì ti le, kò dí dáadáa mọ́. Mo yọ ọ́, mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, nígbà tó gbẹ mo fọ́n silicone (òróró tó ń mú rọ́bà rọ̀) díẹ̀ sí i, ló bá rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Vaseline tàbí òróró ọbẹ̀ pa á o, ó máa ń ba rọ́bà jẹ́ ni. Ní báyìí, ìdérí rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé wẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ò fọwọ́ dí imú mọ́.