Ìwà Tó Ń Mú Onídìrí Yege, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kọ́ Ara Yín

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe sábà máa ń bèèrè iye oṣù tí òun yóò fi mọ bí a ti ń di irun, bí a ti ń gé e àti bí a ti ń pa á láró. Ìbéèrè tó yẹ ni, nítorí ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ kò lè tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àwọn méjì tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tí wọ́n sì jọ parí ẹ̀kọ́, ẹ lè rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé àwọn oníbàárà ń dúró de ẹnì kan nígbà tí àga ẹnì kejì ṣófo. Ọwọ́ kọ́ ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ yẹn. Ìwà ni, ìyẹn bí onídìrí ṣe ń ṣe sí orí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ àti sí ẹni tó ni orí náà. Mi ò gbà pé àbímọ́ni nìkan ni irú ìwà bẹ́ẹ̀; a lè fi kọ́ ara wa gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi irun dídì kọ́ ọwọ́ wa.

Etí ni mo fi ṣáájú. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n mo ti rí onídìrí tó fá orí lẹ́yìn olórí nígbà tí olórí fúnra rẹ̀ jókòó síwájú dígí, nítorí pé ohun tó wu onídìrí ló ń ṣe, kì í ṣe ohun tí oníbàárà sọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré bíi “ẹ gé e díẹ̀.” Díẹ̀ ẹnì kan lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, kí díẹ̀ ẹlòmíràn sì jẹ́ ìbú ìka mẹ́rin. Irun orí máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ gùn sí i lóṣù, nítorí náà, bí ẹ bá gé sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ibi tó fẹ́, yóò gbà tó oṣù mẹ́rin kí irun náà tó padà síbẹ̀. Kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi ìka ara rẹ̀ hàn yín ibi tó fẹ́ kí irun náà dé. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n fi sí irun náà gbẹ̀yìn àti ìgbà tí wọ́n fi sí i, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú irun tó ṣe kẹ́yìn, àti iye àkókò tó lè máa fi tọ́jú irun náà láràárọ̀. Bó bá mú àwòrán wá, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fẹ́. Ó lè jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló wù ú, tàbí bí irun náà ṣe bò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín tún ohun tí ẹ gbọ́ sọ fún un, kí ó lè tọ́ yín sọ́nà níbi tí ẹ bá ti ṣì í gbọ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì ń gba onídìrí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ó yẹ kí ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ pẹ̀lú. Oníbàárà tó ń dijú, tó ń gbé èjìká sókè tàbí tó ń fi ọwọ́ kan ẹ̀bá etí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń di irun ti sọ fún yín pé ẹ ń fà á jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé irun tí kò bá dunni nígbà tí wọ́n ń dì í kò lè pẹ́ lórí, ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ara ẹwà. Irun tí a dì le koko ń fa gbòǹgbò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà lórí. Ó lè kọ́kọ́ yọ kókó wẹ́wẹ́ síwájú orí, kí irun ẹ̀bá etí àti ti iwájú wá bẹ̀rẹ̀ sí í já, bó bá sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ibi tí irun ti ń hù lè di àpá, kí irun má sì hù níbẹ̀ mọ́ láé. Ẹ tú èyí tó le, kí ẹ sì tún un dì, bí oníbàárà tilẹ̀ ń sọ pé òun lè fara dà á.

Ìgboyà láti sọ pé “rárá” tàbí “kì í ṣe lónìí” ni mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó ṣòro lóòótọ́, nítorí oníbàárà ti jókòó, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a ń lò lágbára. Lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó (7 ni ti omi lásán; ohun tó kéré sí i kan, ohun tó jù ú lọ kò kan), irun àti awọ orí sábà máa ń wà láàárín 4.5 sí 5.5, nígbà tí ìpara tó ń na irun, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní rílásà, pàápàá èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sodium hydroxide ṣe, máa ń ju 12 lọ. Agbára yìí ló ń já àwọn ìdè inú irun kó tó lè nà, òun náà ló sì ń jó awọ orí níbi tí egbò bá wà tàbí níbi tí oníbàárà bá ti fi èékánná họ ọ́. Ẹni tó ní egbò lórí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun dídì láàárọ̀ ọjọ́ náà tí awọ orí rẹ̀ ṣì ń ta á, àti ẹni tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó lò ó gbẹ̀yìn, gbogbo wọn ló yẹ kí ẹ dá padà, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n lè wá. Ti aró irun náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aró tó ń mú irun dúdú ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PPD, tí ara àwọn kan kì í gbà, tí ojú àti orí wọn sì lè wú gidigidi. Ẹ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí oníbàárà ní wákàtí 48 ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, bó bá sì yún un tàbí tó wú, ẹ má ṣe lò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ pé òun ti lò ó rí yí yín lérò padà, nítorí ara tó gba aró náà tẹ́lẹ̀ lè kọ̀ ọ́ nígbà mìíràn.

Bí ẹ ṣe lè ní ìgboyà yìí ni pé kí ẹ ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ ewu tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun mìíràn tó ṣeé ṣe: “Ẹ jọ̀ọ́, mo rí egbò méjì ní ìpàkọ́ yín. Bí mo bá fi ìpara yìí sí i lónìí, ó máa jó yín. Ẹ jẹ́ kí n rọra fọ irun yín, kí n dì í lọ́nà tí kò le, kí ẹ wá padà wá tí egbò náà bá ti jinná.” Àwọn kan yóò bínú, wọn yóò sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Òtítọ́ tún wà fún ìgbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, aró tí mo pò mú irun ẹnì kan pọ́n ju bó ṣe fẹ́ lọ, mo sì sáré fi òmíràn lé e kó má bàa mọ̀. Irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ òòyà. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló bàjẹ́, àwọ̀ nìkan ni à bá tún ṣe. Òtítọ́ kan náà ló yẹ kó wà nínú ọjà tí ẹ ń tà. Oníbàárà tó tú irun tó ti wà lórí rẹ̀ fún oṣù kan lè bẹ̀rù nígbà tó bá rí irun tó kún inú òòyà. Irun bíi 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí ènìyàn lójoojúmọ́, ìdì náà ni kò sì jẹ́ kí àwọn tó bọ́ láàárín oṣù náà jáde. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìwà ìkà ni kí ẹ lo ìbẹ̀rù rẹ̀ láti fi ta òróró fún un.

Ẹnu tó ń pa àṣírí mọ́ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nígbà tí ọwọ́ onídìrí bá wà lórí ènìyàn fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni náà á máa sọ̀rọ̀ ọkọ tàbí aya, ọ̀rọ̀ owó àti ti àìsàn. Kò yẹ kí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lórí rẹ̀ náà jẹ́ àṣírí. Bí ẹ bá rí iná orí, ẹ sún mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Iná orí kì í fò, kì í sì í tọ. Ńṣe ló ń rìn láti orí dé orí, ó sì lè ran ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó mọ́ tónítóní tó. Bó bá jẹ́ làpálàpá, tàbí àmì kan lára awọ orí tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rí, ẹ ní kó lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe sọ orúkọ àìsàn tí ẹ rò pé ó jẹ́. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí nìkan.

Ìmọ́tótó kò nílò àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í ṣe é bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ irun inú òòyà kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ rì í sínú oògùn apakòkòrò fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Oògùn náà kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa lára òòyà tó ṣì dọ̀tí.

Sùúrù ni ẹ ó fi ní ọwọ́ tó yá, kì í ṣe ìkánjú. Ẹ máa fi orí oníke dánra wò, kí ẹ máa wo aago, kí ẹ sì kọ iye àkókò tí ìdì kan náà gbà yín sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá mọ̀ pé wákàtí márùn-ún ni yóò gbà, wákàtí márùn-ún ni kí ẹ sọ, ẹ má ṣe sọ pé mẹ́ta kí oníbàárà má bàa lọ. Ẹ tọ́jú ara yín pẹ̀lú: ẹ wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu nítorí ìdúró gbọọrọ, ẹ gbé àga oníbàárà sókè tó kí ẹ̀yìn yín má bàa tẹ̀, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ irun tàbí tí ẹ bá ń lo aró, nítorí omi àti kẹ́míkà lójoojúmọ́ ń mú kí awọ ọwọ́ gbẹ kó sì máa sán.

Nínú gbogbo ìwà wọ̀nyí, ìrántí ni ìwé lè bá yín ṣe. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí: ọjọ́ tó wá, ohun tí ẹ fi sí irun rẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó lórí, aró tí ẹ pò àti ìwọ̀n rẹ̀, ibi tó ní irun rẹ̀ ti máa ń tètè já, àti ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Ẹ tọ́jú ìwé náà síbi tí ojú ẹlòmíràn kò ti ní í tó o. Kí oníbàárà tó padà wá, ẹ kà á, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá jókòó bóyá nǹkan kan ti yí padà láti ìgbà yẹn, bí oyún, oògùn tuntun tàbí irun tó lọ ṣe níbòmíràn.