Bí mo ṣe fi bátìrì mọ́tò sún lẹ́tà nínú tẹlifíṣàn àtijọ́

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní físíìsì ní Gáà-Akanbí níbí ti há fọ́múlà sórí, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé wáyà tí iná ń gbà kọjá lè ti ohun tí kò fara kàn. Mo ní kò burú, ẹ ó fojú ara yín rí i.

Kọ́ńpáàsì la kọ́kọ́ lò. Mo na wáyà gba òkè rẹ̀ láti àríwá sí gúúsù, mo so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, mo sì fi gílóòbù iwájú mọ́tò, oníwáàtì 55, sáàárín. Ẹni tó bá so wáyà lásán mọ́ bátìrì ń wá iná ni o! Bíi ámúpù 4.6 ló ń kọjá. Ní sẹ̀ńtímítà 3, òòfà wáyà yẹn tó máíkírótẹ́sílà (µT, òṣùwọ̀n agbára òòfà) 31. Ti ilẹ̀ Ìlọrin fúnra rẹ̀, tó ń mú abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá, jẹ́ bíi 33. Abẹ́rẹ́ yà, ó kù díẹ̀ kó pé dígírì 45. Ohun tí Ørsted, onímọ̀ físíìsì, rí ní Denmark ní 1820 nìyẹn.

Ó wá ku ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré, ìyẹn àwọn horo tíntìntín tó ń gbé iná kiri. Mo yá tẹlifíṣàn bíláàkì-áńdì-wáìtì lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe. Láti ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń sáré wá kọlu gíláàsì iwájú, ibi tí wọ́n bá kọlù á sì tàn. Mo fi ẹ̀rọ fídíò gbé lẹ́tà kan síbẹ̀ kó dúró gbọin, mo fi máákà fa ìlà sétí rẹ̀. Mo wá wé wáyà ní ìgbà 20 mọ́ férémù fèrèsé àlòkù. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ férémù ni mo nà gba iwájú gíláàsì, kété lókè lẹ́tà náà. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà lókè réré, nítorí iná tó ń padà bọ̀ níbẹ̀ ìbá ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní lẹ́tà máa gòkè, wáyà á fà á. Èkejì ní yóò wálẹ̀. Mo so bátìrì.

"Tíṣà, ẹ̀gbẹ́ ló gbà lọ!"

Ó sún sápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fífẹ̀ bírò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Òòfà máa ń yí wáyà po, nítorí náà òòró ló dúró níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà bọ̀. Agbára tí òòfà fi ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í sì í bá òòfà rìn, kì í bá eré rìn. Ó máa ń dábùú àwọn méjèèjì ni. Ohun tó bá sáré kojú wáyà, gígùn wáyà ni yóò tì í gbà. Èyí tó bá ń bá wáyà rìn lọ́gbọọgba nìkan ni wáyà ń fà mọ́ra tàbí tì dànù.

Mo pa orí bátìrì dà, lẹ́tà gba òsì. Kò mọ́lẹ̀ sí i, kò ṣókùnkùn: òòfà ń yí ọ̀nà padà ni, kì í fi kún eré.

Ọmọbìnrin kan wá béèrè bóyá òòfà ilẹ̀ náà ò ní ṣe é. A tú bátìrì kúrò, a yí ojú tẹlifíṣàn láti àríwá sí ìlà oòrùn. Lẹ́tà wálẹ̀ ní bíi mìlímítà 2.