Ẹsẹ̀ Wú, Ẹ Má Sáré Sí Kẹ́míìsì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ká ní ìṣó tó ti dípẹtà gún káfíńtà kan lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ó gbóná, ó sì ń sọ. Àwọn tó yí i ká á ní ẹ̀jẹ̀ dúdú ló dúró síbẹ̀, kí wọ́n fi abẹ́ sín in kó lè dà jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ óò kàn ṣí ọ̀nà mìíràn fún kòkòrò àrùn ni, torí ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló há síbẹ̀. Iṣẹ́ ni ara ń ṣe.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi tí ìṣó gún á tú àwọn purotéènì kéékèèké tó ń ké ìpè fún ìrànlọ́wọ́, bíi TNF àti IL-1, jáde. Ìwọ̀nyí á lọ bá sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn ni NF-κB wà, purotéènì tó ń jí jíìnì sí iṣẹ́, èyí tí Ranjan Sen àti David Baltimore kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1986. Nígbà tí ara bá le, purotéènì mìíràn, IκB, ló dì í mú kó má baà wọ núkílíọ́ọ̀sì, àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí jíìnì wà. Tí TNF bá ti kàn sẹ́ẹ̀lì lára, wọ́n á fọ́ IκB dànù, NF-κB á wọlé, á sì jí àwọn jíìnì bíi ti E-selectin, ICAM-1 àti VCAM-1. Ohun tí jíìnì wọ̀nyí ń ṣe ni rísẹ́ptọ̀, ìyẹn purotéènì ìgbámú tó máa ń yọ sójú sẹ́ẹ̀lì. Bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni wọ́n ṣe ń gbá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń kọjá lọ mú. Ìyẹn á dúró, á sì wọnú ẹran ara lọ bá kòkòrò.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. P-selectin, tí òun náà ń gbá sẹ́ẹ̀lì funfun mú, ti wà ní ìpamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń jáde. E-selectin ní tirẹ̀, àfi kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 kó tó pọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ pé wíwú lè gba wákàtí mélòó kan kó tó yọ dáadáa á ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n gún fún òun lápá láàárọ̀ ló wú òun lẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò pé wíwú ara ti yí jíìnì padà. Jíìnì wà bó ṣe wà. Kíkà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà á ló pọ̀ sí i. Ẹ má sì kọ ọ́ pé iye rísẹ́ptọ̀ ò lè yí padà. Bradykinin, èròjà ara tó ń dá kún wíwú àti ìrora, ní rísẹ́ptọ̀ méjì: B2 wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ B1 ṣọ̀wọ́n nínú ara tó le, ìgbà tí ara bá fara pa tàbí tó wú ló ń pọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn tí wọ́n ń sà pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré ní kẹ́míìsì. Dexamethasone tàbí prednisolone, oògùn sítẹ́ríọ́ọ̀dù tó ń pa wíwú, sábà máa ń wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún oníbàárà. Oògùn wọ̀nyí ń wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ dí NF-κB lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ á fọ̀, ìrora á rọlẹ̀, inú káfíńtà á dùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara ò sì rí ibi dì mú mọ́ lójú iṣan. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí á máa yí kiri, débi pé àyẹ̀wò láàbù lè fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tó níbi tí a ti nílò wọn.

Ẹni tí dókítà bá sì fún ní irú oògùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín, tó ń ṣe irú èròjà yìí fún ara, á ti dẹwọ́ nínú iṣẹ́. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Tí ìṣó bá gún yín, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Tí wíwú náà bá ń gun ẹsẹ̀ lọ sókè, tí ara gbóná, tàbí tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má dúró dilẹ̀. Bí ẹ bá ti lo oògùn inú ọ̀rá yẹn, ẹ mú un dání, ẹ tú u sórí tábìlì dókítà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.