Bí ẹ ṣe lè padà sídìí géèmù ìwakọ̀ bàálù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún

Joystick (ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń wakọ̀ nínú géèmù) tẹ́ ẹ kó sínú páálí láti ayé géèmù Flight Simulator X, ìyẹn 2006, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ wò. Bí ẹnu wáyà rẹ̀ bá ní irin tín-ín-rín 15, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kò ní ibi tẹ́ ẹ máa kì í bọ̀. Ti USB ṣì máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ eruku lè ti wọnú rẹ̀, kí bàálù máa tẹ̀ sí òsì nígbà tí ọwọ́ yín ò sí lórí ẹ̀ rárá. Ẹ ṣe calibration rẹ̀ (kí kọ̀ǹpútà lè mọ àárín rẹ̀) nínú Windows, kẹ́ ẹ wá fi deadzone, ìyẹn àyè àárín tí géèmù ò ní kà sí, sí ìdá 5 nínú 100. Tó bá gbà tó 15 kó tó dúró jẹ́ẹ́, ẹ wá òmíràn.

Kẹ́ ẹ tó ra géèmù, ẹ wo àpò dátà yín. Flight Simulator 2024 ń fẹ́ àyè 50GB àti RAM 16GB ó kéré tán, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa ilẹ̀ àti ilé wá bẹ́ ẹ ṣe ń fò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ilẹ̀ á rí bí amọ̀ tí òjò pa. X-Plane 12, géèmù míì, kì í fa ilẹ̀ wá báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbà á sílẹ̀, ó sì ní èyí tẹ́ ẹ lè tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni FlightGear, ìkẹta wọn, látòkèdélẹ̀.

Nínú ètò géèmù, ẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán láti Medium (ìwọ̀n àárín). Kó máa lọ geere ṣe pàtàkì ju kó rẹwà lọ.

Ẹ má lọ gbé Boeing 737 ńlá. Cessna 172, bàálù kékeré, ni kẹ́ ẹ mú, kójú ọjọ́ mọ́, kí atẹ́gùn má sí, láti Èkó (àmì pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀ ni DNMM) sí Ìbàdàn (DNIB), bíi máìlì òkun 60. Lórí runway (ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra) 36L ní Èkó, ẹ ti throttle (ọ̀pá agbára ẹ̀ńjìnnì) síwájú díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin. Imú á fẹ́ ya sí òsì torí agbára ẹ̀ńjìnnì. Rudder ọ̀tún (èyí tí awakọ̀ bàálù ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí imú) lẹ máa fi dá a padà. Ní 55 knots (máìlì òkun ní wákàtí kan), ẹ fa joystick díẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè lọ ní 75, kẹ́ ẹ yà sí ọ̀tún títí kọ́ńpáàsì á fi dé 040.

Ní 3,500 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ yí trim (ohun tó ń bá yín di imú bàálù mú síbi tẹ́ ẹ gbé e sí) títí tí joystick ò fi ní máa ta ko ọwọ́ yín mọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó padà dé ti ń gbàgbé: wọ́n á fọwọ́ gbé imú bàálù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọwọ́ á sì máa ro wọ́n.

Runway 04 Ìbàdàn wà lójú ọ̀nà yín gan-an. Tó bá ku máìlì òkun 10, ẹ dín agbára kù, kẹ́ ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní 500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìpele àkọ́kọ́ fíláàpù (pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń jẹ́ kí bàálù lè rọra fò) sílẹ̀ lábẹ́ 110 knots, kẹ́ ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ 85. Tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ balẹ̀, 65 ni kẹ́ ẹ máa sá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò ní dé runway, throttle ni kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹni tó bá fa imú sókè nìkan, eré ọkọ̀ á tán lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ ò sì ní lè gbé e dúró mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé pẹ̀lú 75, bàálù á máa léfòó lórí runway, kò ní fẹ́ balẹ̀.

Bó bá fò sókè lẹ́yìn tí táyà ti kanlẹ̀, ẹ má tẹ imú mọ́lẹ̀. Ẹ fi throttle sí òpin, kẹ́ ẹ tún gbéra, kẹ́ ẹ yípo wá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa ká fíláàpù padà. Tẹ́ ẹ bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàálù á rì.